Ooru Tí Ó Jáde Lára Ògiri

Bí ooru bá ti inú ilé ẹni jáde sí gbangba, ṣé ẹni tí ó fi ẹ̀rọ wò ó láti títì ti yọjú wọ ilé náà? Ilé ẹjọ́ ti dá ẹjọ́ yìí rí ní Amẹ́ríkà, ó sì yẹ kí àwa náà gbé e yẹ̀ wò.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1992, ní ìlú Florence ní ìpínlẹ̀ Oregon, òṣìṣẹ́ ìjọba méjì jókòó sínú ọkọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, wọ́n sì dojú ẹ̀rọ kọ ilé Danny Kyllo. Ẹ̀rọ náà kì í wo inú ilé o, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ rò bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá ní ooru lára a máa tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kò lè rí. William Herschel ni ó ṣàwárí rẹ̀ ní 1800, nígbà tí ó gbé tẹmómítà kọjá àwọ̀ pupa nínú ìtànṣán oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ yìí ni ẹ̀rọ ń sọ di àwòrán. Wọ́n rí i pé òrùlé gáréèjì àti ògiri kan gbóná ju ìyókù lọ. Wọ́n fi èyí àti ẹ̀rí mìíràn gba ìwé àṣẹ, wọ́n sì bá igi igbó tí ó lé ní 100 tí ó ń gbìn lábẹ́ iná gbígbóná.

Arúfin ni Kyllo. Síbẹ̀, ní 2001, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ pé títú ilé wò ni ohun tí wọ́n ṣe, ìwé àṣẹ ni ó sì yẹ kí ó ṣáájú. Adájọ́ Scalia ní ẹ̀rọ náà lè tú àṣírí wákàtí tí ìyálé ilé ń wẹ omi gbígbóná lálaalẹ́. Adájọ́ Stevens kò gbà: ó ní ẹnikẹ́ni lè rí i pé yìnyín tètè ń yọ́ lórí òrùlé kan ju òmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní láárí. Ṣùgbọ́n ẹni tí yìnyín yọ́ lójú rẹ̀ kò wá nǹkan kan. Ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ jáde lóru mọ ohun tí ó ń wá.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú nínú ìdájọ́ náà ni pé wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tí kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú. Ní 2014, ilé iṣẹ́ FLIR gbé kékeré kan jáde tí a lè fi mọ́ tẹlifóònù. Tí ó bá wá kún ọjà ńkọ́, ṣé ẹ̀tọ́ ìyálé ilé náà ti tán nìyẹn? Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé kò so ó mọ́ irinṣẹ́ kankan nígbà tí ó kọ̀ fún wa ní Suratul Hujuraat, aayah 12, láti máa tọpinpin ara wa. Àwọn panápaná ń fi irú ẹ̀rọ yìí wá ẹni tí èéfín bò mọ́lẹ̀, inú ẹni náà a sì dùn pé wọ́n rí òun. Ọ̀dọ́ tí ó fi wá ibi tí omi ti ń rin ògiri ilé tirẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá wá yí i sí ògiri aládùúgbò, kò sí bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó lọ́jà, ilé onílé ni ó ń wò.