Fágúnwà, Òkè Àdó, àti Ojú Tí A Fi Ń Wo Ènìyàn



Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka ìwé D. O. Fágúnwà ní kékeré, tí ó sì wá gun Òkè Àdó lẹ́yìn náà, yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ kí n tó sọ ọ́. Bí a bá ti gun àtẹ̀gùn náà títí orúnkún fi ń gbọ̀n, tí a rí òkúta Ìṣàgẹ̀ tí ó dúró lórí àpáta bí ẹni pé ọwọ́ kan ni ó gbé e lé ibẹ̀, tí a sì dé etí adágún Ìyàkẹ́, omi tí ó tẹ́jú sí orí òkè níbi tí ènìyàn kò retí omi, ojú a máa wá ẹ̀yìn àpáta bóyá Àkàrà-Oògùn yóò yọ pẹ̀lú ìbọn ní èjìká. Èmi kò gun òkè náà rí kí n má rántí Òkè Láńgbòdó.

Nínú iṣẹ́ ọnà pẹ̀lú, mo ń bá a pàdé. Ní 1968, nígbà tí Wọlé Ṣóyinká gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti 1938 jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Bruce Onobrakpeya ni ó ya àwòrán sí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ràn jù. Láti 1947 ni Fadá Kevin Carroll ti ẹgbẹ́ S.M.A. ti kó àwọn agbẹ́gilére jọ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, kí wọ́n lè gbẹ́ ìtàn Ìhìnrere bí àwọn bàbá wọn ti ń gbẹ́ ìtàn ọba àti ọdẹ. Lámídì Fákẹ́yẹ wà lára wọn. Mùsùlùmí ni, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ilẹ̀kùn ilé ìsìn wa ní Yunifásítì Ìbàdàn ti jáde.

Àwọn kan nínú yín ti bi mí léèrè bóyá ó yẹ kí onígbàgbọ́ jẹ́ kí iwin àti ẹbọra gba ọkàn òun báyìí. Ìdáhùn mi kò gùn. Onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, olùkọ́ ni pẹ̀lú, a bí i ní Òkè-Igbó ní 1903, kò sì sí ibi kan nínú igbó rẹ̀ tí Ọlọ́run kò jẹ́ ọ̀gá. Olúwa wa fúnra rẹ̀ fi òwe kọ́ni. Agbára tí a fi ń rí ohun tí kò sí níwájú ẹni, ẹ̀bùn Ẹlẹ́dàá ni. Láìsí i, ta ni yóò lè ṣe àṣàrò lórí Rosárì? Àwọn ọdẹ náà, nígbà tí wọ́n la gbogbo ewu já dé Láńgbòdó, ọjọ́ 7 ni wọ́n fi jókòó lọ́dọ̀ Ìrágbèje, tí wọ́n ń gbọ́ ẹ̀kọ́. (Bí ìwàásù mi bá sì ti lé ní ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀yin a máa wo aago.)

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù yàtọ̀ sí èyí. Fágúnwà kú sínú odò ní tòsí Bídà, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1963. Omi ni ó gbé e lọ, bí omi ti ń gbé ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà èwe mi, ohun tí a ń gbọ́ ni pé àwọn iwin tí ó kọ ìwé nípa wọn ni wọ́n wá mú un. Ìtàn náà dùn mọ́ wa. Kò sí ẹni tí ó rántí pé òkú ọ̀fọ̀ ni, àti pé ẹnìkan ń sunkún nílé.

Ohun kan náà ni mo ń rí láàrin wa. Ọmọ ṣàìsàn, a ní ìyá àgbà ẹ̀yìnkùlé ni. Ọjà kò tà, ìyàwó ilé kan ni a ń wò ní ìwòkuwò. Arúgbó ń dá sọ̀rọ̀ nítorí pé ọkọ rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú tán, a ní ẹyẹ ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó sọ èyí yóò wá gba Ara Krístì ní ọjọ́ Ìsinmi, arúgbó náà yóò kúnlẹ̀ sí ìlà kan náà, a ó sì fi àyè sílẹ̀ láàrin rẹ̀ àti àwọn yòókù. Mo ń rí àyè náà láti ibi pẹpẹ. N kò fẹ́ rí i mọ́.

Ojú 16 ni Fágúnwà fún Àgbákò. Mo máa ń rò pé ó fún un ní ojú tó bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú fún aládùúgbò rẹ̀. Ẹ sì wo èyí: nínú ìwé kan náà, Kàkó, akọni láàrin àwọn ọdẹ, ni ó fi àdá pa obìnrin tí ó dì mọ́ ọn nítorí pé kò fẹ́ kí ó fi òun sílẹ̀ lọ. Iwin kọ́ ni ó ṣe é. Mo ti ka ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì tíì lè kà á kọjá kíákíá.

Èmi náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ iṣẹ́ àlùfáà, bàbá kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní òru. Iná ti jó ojú rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ nígbà kan rí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, mo pè é ní Àgbákò, ẹ̀rín sì pa wá. Orúkọ náà mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó wọlé lẹ́yìn wa fi gbà pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ní òru kan tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ti sùn, òun ni ó gbé omi gbígbóná wá fún mi, tí ó jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ní, “Ẹ ṣé o, Bàbá Àgbákò.” Ó ní, “Kò tọ́pẹ́, Fadá wa.” N kò tíì di Fadá rárá nígbà náà.

Bàbá náà ti kú. Bí oṣù Kọkànlá bá dé, tí a ń rú Ẹbọ Míísà fún àwọn òkú, mo máa ń fẹ́ dárúkọ rẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn mi. N kò mọ orúkọ rẹ̀. N kò béèrè rí.