Ìwúre fún Ọ̀dọ́ Òǹkọ̀wé ní Tẹ́júoṣó

Ìwọ tí o jókòó sáàárín aṣọ ọ̀kírìkà ní Tẹ́júoṣó, tí ò ń fi fóònù kọ ìtàn Yorùbá kí oníbàárà tó dé, ìwọ ni mo kọjú sí. Mo gbọ́wọ́ sókè fún ọ. Olódùmarè gbọ́.

Ohun tí o bá kọ yóò kọ́ ọmọ. Ohun tí o bá kọ yóò kọ́lé fún ọ. Ohun tí o bá kọ kò ní kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Fóònù kò ní sọ ọkọ di oko mọ́ ọ lọ́wọ́. Bátìrì kò ní kú kí o tó fi ìtàn pamọ́. Olè tó ń ṣọ́ ọ ní Ojúẹlẹ́gbà, yóò fò ọ́ dá.

Ohun tó ti ṣẹ rí ni mo ń tọrọ. Ní 1938 ni ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, lẹ́yìn tí D. O. Fágúnwà tó kọ ọ́, olùkọ́ ọmọ Òkè-Igbó, kópa nínú ìdíje ìwé kíkọ. Ìlẹ̀kùn tó ṣí fún Fágúnwà yóò ṣí fún ọ, yóò ṣí gbayawu.

Ọlọ́run bá mi bùkún Rasaq Malik Gbọ́láhàn àti Ibrahim Ọ̀rẹ́dọlá tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ ní 2017, tí ẹgbẹ́ náà ń fi ẹ̀bùn ki ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé Yorùbá láyà. Àpò wọn kò ní gbẹ. Àtẹ́lẹwọ́ la bá ilà, a ò mẹni tó kọ ọ́. Kò sì sẹ́ni tó rí i pa rẹ́. Wọn kò ní rí orúkọ rẹ pa rẹ́.

Bí o bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìdíje, yóò dé. Bí adájọ́ bá ṣí i, oorun kò ní kùn ún. Bí wọ́n bá ń pe ẹni ọlá, wọn yóò pè ọ́. Bí wọn kò bá sì pè ọ́ lọ́dún yìí, àyà rẹ kò ní já. Wàá tún un kọ, yóò dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iná jó ọjà Tẹ́júoṣó yìí ní 2007, síbẹ̀ wọ́n tún un kọ́, ọjà sì ń tà. Ohun tó bá wó nínú ayé rẹ, Ọlọ́run yóò tún un kọ́.

Ìwé rẹ yóò wà lórí àtẹ ní Yábàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé Aláwìíyé. Ọmọ iléèwé yóò rà á, ìyá aláta yóò ní kí wọ́n kà á sí òun létí. Wọn yóò yìn ọ́, wọn yóò sì sanwó rẹ pé, nítorí ìyìn nìkan kì í ra ìrẹsì.

Ọmọ mi, jókòó, kí o parí ìtàn náà. Àṣẹ.