ÒJÌJI TA NI A Ń SÁ FÚN?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba. Òjìji ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. Bí ẹnìkan bá béèrè ohun tí òjìji ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀sìn, kí ó rántí pé kí aago tó dé ọwọ́ wa, òjìji ni àwọn àlùfáà fi ń mọ àkókò ìrun. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ kúrò ní àtàrí, Àìlà wọlé. Bí òjìji igi tí a rì mọ́lẹ̀ bá gùn tó igi náà, láìka èyí tí ó wà nílẹ̀ ní ọ̀sán gangan, Àláásárì wọlé. Níhìn-ín ní Èkó, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án, oòrùn a máa dúró ṣánṣán lókè orí wa, òjìji ènìyàn a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú Suratul-Furqan, ẹsẹ 45 àti 46, Ọlọ́hun pè wá láti wo bí Òun ti ń na òjìji, bí Ó ti fi oòrùn ṣe atọ́nà rẹ̀, àti bí Ó ti ń fà á padà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó bí Ó ti ní kí a wò ó. Èkíní, òjìji kì í dá dúró: ohun kan ni ó dínà ìmọ́lẹ̀ kí òjìji tó wà. Ẹni tí ó bá rí òjìji tí kò béèrè ohun tí ó dínà náà lè máa sá fún ara rẹ̀. Èkejì, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀ ni òjìji ń gùn. Nígbà tí iná bá lọ, tí a gbé àbẹ́là sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ológbò ilé a di ẹkùn lára ògiri.

Ìbéèrè wa nìyí: nígbà tí ayé wa bá ṣókùnkùn, tí ọjà kò tà, tí ọmọ ń ṣàìsàn, tí ìgbéyàwó ń pẹ́, òjìji ta ni a rò pé ó bò wá?

Yorùbá ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ gbé e wo. Nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, a sì ti dá ẹjọ́ láìpe ẹlẹ́rìí kankan. Ní ọdún kẹwàá Híjírà, Ibrahim, ọmọ kékeré Ànábì wa, kú. Ní ọjọ́ náà gan-an, oòrùn wọ òkùnkùn. Àwọn ènìyàn sọ pé nítorí ikú ọmọ náà ni. Baba tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni Ànábì wa. Ọ̀rọ̀ náà ì bá tù ú nínú, ì bá sì bu ọlá fún ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀ ó kọ̀ ọ́. Ó kọ́ wọn pé àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa rántí ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, nígbà tí òjìji òṣùpá gba orí Ghana, Togo àti Benin wọ Nàìjíríà. Òjìji ni òkùnkùn ọjọ́ náà. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ aráyé kankan.

A ti jókòó gbọ́ irú ẹjọ́ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní àdúgbò wa. Arákùnrin kan tí ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ wá sọ pé ọjà òun ti dẹnu kọlẹ̀. Ó ní àbúrò ìyá òun ni, màmá àgbà tí ó ti ìlú wá bá ìyàwó òun wẹ ọmọ tuntun, nítorí oṣù tí ó dé ni ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó ti lọ wádìí níbì kan, wọ́n sì ní ẹni tí ó sún mọ́ ọn ni. A ní kí ó gbé ìwé ọjà rẹ̀ wá. A ṣí i pẹ̀lú rẹ̀. Àwìn tí ẹnikẹ́ni kò san ni ó kún inú rẹ̀, pẹ̀lú owó èlé tí ó yá, àti owó aṣọ ẹbí tí ó yọ nínú owó ọjà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi kọ gbogbo rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ sì ti wà kí màmá tó gbéra nílé. Ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n màmá ti padà sí ìlú, kò sì sí ẹni tí ó sìn ín dé gáréèjì ní Mile 2.

Kí ni ó ń ṣe wá bẹ́ẹ̀? Carl Gustav Jung, oníṣègùn ọpọlọ ará Switzerland (1875–1961), fi òjìji pe apá ọkàn tí ènìyàn kò fẹ́ gbà pé tòun ni: ìlara, ojúkòkòrò, ìbínú. Ó ní ohun tí a bá kọ̀ láti rí nínú ara wa, ara ọmọnìkejì ni a ti máa ń rí i. Kí wọ́n tó bí Jung ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, Imam Ghazali, tí ó kú ní ọdún 1111, ti kọ ọ̀nà mẹ́rin tí ènìyàn fi lè mọ àlébù ara rẹ̀ sínú ìwé Ihya rẹ̀: olùkọ́ tí ó lójú inú, ọ̀rẹ́ olóòótọ́, ẹnu ọ̀tá, àti èyí tí ó le jù, pé kí ó bá ènìyàn gbé, kí ó sì máa wá àlébù tí ó bá rí lára wọn nínú ara tirẹ̀. Jung júwe àrùn náà. Ghazali ti fúnni ní oògùn rẹ̀.

Ojú tí a fi ń wo fíìmù náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 1979, Hubert Ogunde gbé Aiye jáde, níbi tí oníṣègùn ti ń bá àwọn àjẹ́ jà. Láti ìgbà náà, ìyá arúgbó tí ó di àjẹ́ nínú eré Yorùbá kò lóǹkà. A kò bú òṣèré; eré ni eré ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti ju ẹgbàá ọdún lọ tí Plato, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì, ti pa ìtàn àwọn tí a dè mọ́ inú ihò, tí wọ́n rò pé òjìji tí ń kọjá lára ògiri ni ohun náà gan-an. Ẹni tí ó bá dìde nídìí tẹlifíṣàn tí ó fi ojú eré wo ìyá rẹ̀ kò tíì jáde nínú ihò.

Ẹ má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé oògùn ìkà kò sí. Àlùkùránì dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Suratul-Baqarah, ẹsẹ 102, fi yé wa pé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára àfi pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun, Suratul-Hujurat, ẹsẹ 12, sì kìlọ̀ pé kí a jìnnà sí àbá dídá, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà pàápàá, ní abala 210, ka pípe ènìyàn ní àjẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tó ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Èyí tí ó bani lẹ́rù jù wà nínú Suratu Ibrahim, ẹsẹ 22: ní Ọjọ́ Ìdájọ́, Ṣàítáánì fúnra rẹ̀ yóò sọ fún àwọn tí ó tẹ̀lé e pé òun kò ní agbára lórí wọn, òun kàn pè wọ́n ni, wọ́n sì jẹ́, kí wọ́n má bú òun, kí wọ́n bú ara wọn. Bí Ṣàítáánì bá kọ̀ láti ru ẹ̀bi wa lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà wo ni a fẹ́ dì í rù lónìí?

Yorùbá tún sọ pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé tí ó sún mọ́ wa jù ni àyà wa.

Nítorí náà, kí a tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí a kọ́kọ́ ṣí ìwé ọjà wa. Kí a gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Kí a bi ọ̀rẹ́ olóòótọ́ léèrè ohun tí ó rí lára wa. Ẹni tí ó bá sì ti lé ìyá, àǹtí tàbí opó kan nítorí àbá lásán, kí ó wá a lọ kí Jímọ̀ mìíràn tó dé, kí ó tọrọ àforíjì, kí ó sì tún orúkọ rẹ̀ ṣe níwájú àwọn tí ó ti bà á jẹ́ létí wọn.

Lédè Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ kan náà, zill, ni a fi ń pe òjìji àti ibòòji. Ànábì wa sọ nípa àwọn méje tí Ọlọ́hun yóò fi sábẹ́ ibòòji Rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò ní sí ibòòji mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí ó dá wà, tí ó rántí Ọlọ́hun, tí omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíràn kì í rí ohun tí yóò sunkún lé lórí.

Bí a bá dúró kí Àláásárì ní ìta gbangba ní ìlú yìí, oòrùn a wà lẹ́yìn wa, òjìji wa a sì nà síwájú sí ọ̀nà gábàsì. Kí iwájú orí wa tó kan ilẹ̀, òjìji wa ti wà nílẹ̀. Suratur-Ra'd, ẹsẹ 15, sọ pé òjìji ẹ̀dá náà ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ni òjìji náà tẹ̀lé e pẹ̀lú ọkàn tí ó gba ẹ̀bi tirẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi àlébù wa hàn wá kí Ó tó fi ti ẹlòmíràn hàn wá. Kí Ó dáàbò bo àwọn ìyá wa lọ́wọ́ ahọ́n wa. Kí Ó fi wá sábẹ́ ibòòji Rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Àmín.