Owó Ẹnu Ọ̀nà Ọgbà Ẹranko: Gbèsè Ta Ni?

Bí àgbẹ̀ kan bá wọ mọ́tò láti Lálúpọn dé Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n tún ní kó sanwó kó tó wo ọ̀nì, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tó ń sanwó fún. Ọlọ́run ló dá ọ̀nì, kì í ṣe yunifásítì. Bó bá ṣe ìran ni wọ́n ń tà, mo gbà pé owó náà kò tọ́, torí kò sẹ́ni tó ni ẹwà ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n ìran kọ́ ni owó yẹn ń rà. Ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ kiri kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èyí tí a so mọ́ èèkàn ni a gbọ́dọ̀ já ewé fún. Láti 1948 ni wọ́n ti ń kó ẹranko jọ sí yunifásítì náà fún ẹ̀kọ́, kó tó di ọgbà ẹranko gidi ní 1974. Láti ìgbà náà ni ọrùn àwọn tó sé wọn mọ́lé ti ń ru oúnjẹ wọn, àgbàlagbà tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wò wọ́n ti bá wọn lọ́wọ́ sí i. Àwọn áfáà a máa ṣe wáàsí nípa obìnrin tí Ànábì ní ó wọ iná nítorí ológbò: ó tì í mọ́lé, kò bọ́ ọ, kò sì tú u sílẹ̀ kó wá tirẹ̀. Owó tí kò bá dé ibi oúnjẹ àti omi ẹranko kò san nǹkan kan nínú gbèsè yẹn, bí géètì tí wọ́n fi kùn bá tilẹ̀ ń dán.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan owó ilé ẹja onídígí, ará Aṣéjire yóò ní òun ń rí ẹja lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú àwọ̀n ló ń rí i, tàbí lórí iná. Ẹni tó ń sin àrọ̀ nínú kòtò onísìmẹ́ńtì l'Ẹ́gbẹ́dá pàápàá, omi tó ń rú nígbà oúnjẹ ló mọ̀ jù. Lẹ́yìn dígí ni yóò ti rí bí àrọ̀ ṣe ń fi irùngbọ̀n rẹ̀ wá ilẹ̀ kiri, tí yóò sáré gòkè wá gbé atẹ́gùn sẹ́nu, tí yóò tún rì. Láti 1853 tí wọ́n ti ṣí ilé ẹja sínú ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ni irú ìmọ̀ yìí ti wà fún ẹni tó bá sanwó, mi ò sì kà á sí ìnákúnàá.

Àtakò tó le jù ni pé bó bá jẹ́ gbèsè ni, kí a má jẹ ẹ́ rárá. Òótọ́ ni, fún ẹ̀dá kan. Ilé ẹja Georgia Aquarium ní Atlanta l'Amẹ́ríkà, tó ṣí ní 2005, fi ọkọ̀ òfuurufú gbé whale shark, ẹja tó tóbi jù láyé, wá láti Taiwan. Méjì kú ní 2007. Òkun ni ibùgbé ẹja yẹn, kò sì sí iye tíkẹ́ẹ̀tì tó lè san ìyẹn. Àrọ̀ tí wọ́n bí sínú kòtò kò rí bẹ́ẹ̀. Ìran tó ń kó èrò jọ jù lọ, tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ sanwó gọbọi, lè wá jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ kò tọ́ jù lọ.

Ti ọmọdé yàtọ̀. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí tíṣà kó wá láti Akínyẹlé kò so ẹranko kankan mọ́lẹ̀, kò sì yẹ kí àìlówó bàbá rẹ̀ dá a dúró ní géètì. Ìjọba àpapọ̀ tó ni yunifásítì ni kó san tirẹ̀, kí oúnjẹ ẹranko má baà dín.