Àìbìkítà Oníṣẹ́: Ṣé Àṣìṣe Ni Tàbí Ẹ̀ṣẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń tètè jáde lẹ́nu wa nígbà tí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́: "Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é." Bí a bá ti wí báyìí tán, a gbà pé ẹjọ́ ti parí. Ǹjẹ́ ó parí lóòótọ́?

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ tí ó ti rà á ní Èkó, pé kí wọ́n bá òun pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Wọ́n gba owó, wọ́n sì fún un ní ìwé tí a lu òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà kò dè nọ́ọ̀tì tí ó dí ihò ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì kí ó le. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà kó aya àti ọmọ, ó dorí kọ Ìkẹ́nnẹ́ fún ìsìnkú. Ọ́ìlì ń kán lójú ọ̀nà títí ó fi tán. Irin bẹ̀rẹ̀ sí ha irin. Kí wọ́n tó dé oríta Ṣágámù, níbi tí ọ̀nà Bìní ti yà kúrò lára ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì. Mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà, tí kò ní òǹtẹ̀ kankan, ni ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ tí ó rí nọ́ọ̀tì tí ó ti dẹ̀.

Bí ó bá padà lọ fi ẹjọ́ sùn, kí ni wọn yóò wí? "Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, ẹ má bínú; ọmọ iṣẹ́ ni ó ṣe é." Àwọn ará ilé yóò sì fi kún un pé, "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò bá a lọ. Àmúwá Ọlọ́run ni." Ọpẹ́ yẹ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ni ó gbàgbé láti dè nọ́ọ̀tì.

Ní tèmi, ó yẹ kí á ya àṣìṣe sọ́tọ̀ kúrò lára àìbìkítà. Ẹni tí ó ṣe àṣìṣe ti sa gbogbo ipá rẹ̀. Ìmọ̀ rẹ̀ ni kò tó. Aláìbìkítà mọ ohun tí ó yẹ, ó mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan ni yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fi í sílẹ̀. Lóòótọ́, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú. Ṣùgbọ́n ó ti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nínú irú iṣẹ́ yìí, òwe náà kò ṣẹ: oníṣẹ́ da eérú ní Èkó, ojú ẹlòmíràn ni ó bà sí ní Ṣágámù. Ní ilé ẹ̀kọ́ Mayflower tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa roko fúnra wọn. Ẹni tí yóò jẹ nínú oko tí ó ro kò ní fẹ́ fi èpò sílẹ̀. Mẹkáníìkì kì í bá wa wọ ọkọ̀ tí ó tún ṣe.

Ẹ wo ibi tí èyí lè bá ènìyàn dé. Ní 1978, ìdí ọkọ̀ òfuurufú Japan Airlines kan gbá ilẹ̀ ní Osaka. Àwọn òṣìṣẹ́ Boeing, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà, ni ó tún un ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò kàn án bí ìlànà ti wí. Ọdún 7 ni ó fi ń fò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1985, ojú àtúnṣe náà ya lókè. Ènìyàn 520 kú, 4 péré ni ó yè. Níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Ẹnì kan lè wí pé owó ọmọ iṣẹ́ kéré, iṣẹ́ sì ti pọ̀ jù fún un. N kò jiyàn. Ìdí nìyí tí ẹ̀bi fi gbọ́dọ̀ gòkè dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí ó gba owó, tí ó lu òǹtẹ̀. Ẹni tí ó lu òǹtẹ̀ ń wí pé, "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò." Bí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, irọ́ ni ó pa. Òfin ààbò oníbàárà ti Nàìjíríà ti 2018 gbà wá láàyè láti bèèrè àtúnṣe, tàbí kí a dá nínú owó wa padà. Ó dára, ṣùgbọ́n owó kò jí òkú.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò di dókítà, agbẹjọ́rò, ẹnjiníà àti olùkọ́. Iṣẹ́ tí ojú oníbàárà kò lè tó ni a ń kọ́ wọ̀nyí. Ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó fi òǹtẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Kí á tó lù ú, kí á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀.