Bí Ìtara Bá Ti Kú, Kí Ni Yóò Gbé Irin Náà?

Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ kan tí ó lè dà bí ohun kékeré síwájú yín ní oṣù yìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí a ṣe àjọ̀dún eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè wa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí a sì ṣí i ní pápá ìṣiré M. K. O. Abíọ́lá ní Kútọ̀, ìtara ńlá wọ inú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Abẹ́òkúta. Àwọn tí kò sáré láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí sáré ní òwúrọ̀; àwọn mìíràn ra irin wúwo wá sí ilé láti máa gbé. Kí òjò ọdún náà tó dá, mo rí èyí tí ó ti di ohun tí a fi ń ti ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a dé. Èmi kò fi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí pé èmi pàápàá wà nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ irú eré bẹ́ẹ̀ tí mo sì fi í sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ní àkókò Lẹ́ńtì, ó sì kú ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde gan-an, bí ẹni pé ara mi wà lára ohun tí a ní kí a gbààwẹ̀ fún ogójì ọjọ́ péré.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀wò kì í ṣe bí a ti í gbé irin, nítorí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ni ó bi mí léèrè pé: “Bàbá, ní ọjọ́ tí ọkàn mi kò fẹ́ ẹ rárá, tí mo sì fi agídí dìde ṣe é, ṣé kì í ṣe àgàbàgebè ni mo ń ṣe?” Mo la ẹnu láti dá a lóhùn kíákíá, n kò sì rí èsì kan sọ. Ìbéèrè náà bá mi lọ sí ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ń wo àyà ara wọn nínú dígí nìkan ni èyí. Láti bí ọgbọ̀n ọdún lọ sókè ni iṣan ara ènìyàn ti í bẹ̀rẹ̀ sí dín kù díẹ̀díẹ̀ bí a kò bá fi iṣẹ́ sí i, ó sì máa ń yára sí i nígbà tí a bá ti kọjá ọgọ́ta. Ẹni tí kò lè dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti orúnkún, ẹni tí ó ṣubú ní balùwẹ̀ tí egungun ìtàn rẹ̀ sì ṣẹ́, ìyá tí kò kúnlẹ̀ níbi pẹpẹ mọ́ nítorí ẹ̀rù pé òun kò ní lè dìde, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn baba wa ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò wá irin gbé. Ẹni tí ń pọn omi láti odò Ògùn, tí ń ru iṣu láti oko dé ọjà, àti àwọn ìyá aláró ní Ìtòkú tí ń ri aṣọ sínú ìkòkò aró, tí wọ́n sì ń fà á jáde pẹ̀lú gbogbo omi inú rẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ti ṣe é fún wọn. Àwa tí a ń fi jíjókòó jẹun ni a ní láti wá ẹrù fún ara wa.

Kò sì sí ọjọ́ tí ó pẹ́ jù. Ní ọdún 1990, àwọn oníṣègùn kan ní Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí Maria Fiatarone ṣíwájú wọn, mú àwọn arúgbó 10 tí wọ́n ń gbé ní ilé ìtọ́jú àgbà, tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 90 ọdún, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ wọn gbé ohun wúwo fún ọ̀sẹ̀ 8. Ẹni 9 ni ó parí rẹ̀. Agbára ẹsẹ̀ wọn sì ju ìlọ́po méjì ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Èéṣe, nígbà náà, tí ìtara fi ń kú lórí ohun tí ó ní èrè tó báyìí? Mo rò pé ó ń kú nítorí pé ó tètè rí èrè, tí èrè náà sì fà sẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, agbára a máa pọ̀ sí i kánkán, nítorí pé ọpọlọ ń kọ́ bí yóò ti pe àwọn iṣan tí ó ti wà nílẹ̀ jọ sí iṣẹ́. Iṣan tìkára rẹ̀ kò tí ì dàgbà tó bẹ́ẹ̀; ìyẹn lọ́ra, oṣù ni a fi ń kà á. Nítorí náà, ó di ìgbà kan tí ẹni náà ń làágùn bí ti àtẹ̀yìnwá ṣùgbọ́n tí kò rí ìyàtọ̀, tí kò sì sí ẹni tí ń yìn ín mọ́. Ó ní òun ti dé òpin agbára òun. Kò mọ̀ pé ìgbà náà gan-an ni ara ń ṣe iṣẹ́ tí ó jinlẹ̀. Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ a máa sọ ìtàn Milo, ará ìlú Croton, ajàkadì ńlá kan, pé ó ń gbé ọmọ màlúù kan ní ojoojúmọ́ títí ó fi di akọ màlúù ńlá, tí ó sì ń gbé e síbẹ̀. Èmi kò bura fún òtítọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn náà ni pé kò sí òwúrọ̀ kan tí Milo lè wí pé màlúù yìí wúwo ju ti àná lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òwúrọ̀ kan tí ó lè wí pé òun lágbára ju ti àná lọ.

Folashade Oluwafemiayo, ọmọ ilẹ̀ wa, gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà ní London ní ọdún 2012 nínú ìdíje gbígbé irin ti àwọn aláìlera ẹsẹ̀, èyí tí a ń dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ṣe, tí apá àti àyà nìkan ń ti irin sókè. Ọdún 2021 ni ó tó gba wúrà nínú ìdíje Tokyo, ó sì tún gba òmíràn ní Paris ní ọdún 2024. Ohun tí ó gbé ní ìgbà méjèèjì ju 150 kìlógíráàmù lọ. Àwa rí ọjọ́ mẹ́ta yìí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọdún 9 ni ó wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀kejì. Mo ń béèrè lọ́wọ́ ara mi iye òwúrọ̀ tí ó wà nínú ọdún 9 tí kò sí ìlù, tí kò sí àsíá, tí kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè ọmọ náà. Àgàbàgebè ni ẹni tí ń ṣe ohun kan kí ènìyàn lè rò ohun tí kì í ṣe òtítọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dìde ní agogo márùn-ún àárọ̀ nínú yàrá rẹ̀, tí òun nìkan wà, ta ni ó ha ń tàn jẹ? Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ìlérí ní ọjọ́ tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Oorun ni ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kejì. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni a ó pè ní ọkàn rẹ̀ tòótọ́? Ẹni tí ń lu agogo ní Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké, ṣé gbogbo òwúrọ̀ ni ó ń wù ú láti fa okùn? Síbẹ̀ agogo náà kò purọ́.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí pé Pọ́ọ̀lù mímọ́ kọ́ wa pé ohun gbogbo tí a bá ṣe láìní ìfẹ́, asán ni. Àtakò yìí wúwo, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í ṣe ooru àyà nìkan. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní ibà, tí ó jí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóru, kì í dìde nítorí pé dídìde wù ú. Oorun ń kùn ún, ó lè máa ráhùn pàápàá. Ìfẹ́ rẹ̀ sì wà nínú dídìde náà. Bí Pọ́ọ̀lù kan náà sì ti fi ara rẹ̀ wé eléré ìje àti abẹ̀ṣẹ́ nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, kò ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ ń tẹ̀lé e pẹ̀lú orin. Ó ń mú un wá sábẹ́ ìkáwọ́ ni. Òun náà ni ó kọ̀wé sí Tímótì pé èrè eré ti ara kò pọ̀ tó ti ìwà-bí-Ọlọ́run. Èmi gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń gbé oògùn mì kí apá wọn lè wú ti fi ara ṣe òrìṣà, n kò sì ní ọ̀rọ̀ kan láti fi gbèjà wọn.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ bá àwa olùkọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọmọ tí ó bá pẹ́ dé, a ní kí ó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí pápá ká. Èyí tí ó bá pariwo, a ní kí ó kúnlẹ̀ kí ó sì na ọwọ́ sókè. Ohun tí ìbá jẹ́ ẹ̀bùn fún ara rẹ̀ ni a sọ di ìyà. Èéṣe tí yóò fi yà wá lẹ́nu bí ó bá di ẹni ogójì ọdún tí ó sì ń sá fún un?

Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ ní ìgbà kẹta ni pé mo dín ẹ̀jẹ́ mi kù. Tẹ́lẹ̀ rí, wákàtí kan ní ojoojúmọ́ ni mo ń ṣèlérí, ìlérí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn. Nísinsìnyí ọjọ́ méjì ni lọ́sẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ kí n tó wẹ̀. Ọjọ́ méjì náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe jẹ́ kí ó dín. N kò ra irin. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì ni mo ń gbé. Ìdajì omi ni ó wà nínú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, n óò bu díẹ̀ kún un. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni ẹ̀jẹ́ mi. Èyí tí ó bá lé lórí rẹ̀, ọrẹ àtinúwá ni. Bí àyà bá ń dun ènìyàn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí ó kọ́kọ́ lọ rí oníṣègùn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ.

Mo sì ti kọ́ láti dárí jì ara mi. Ní ọdún 2010, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ̀lé ènìyàn 96 tí wọ́n fẹ́ sọ ohun kan di àṣà. Ní ìdábọ̀, ó gba ọjọ́ 66 kí ó tó mọ́ wọn lára. Fún àwọn kan ó jẹ́ 18, fún àwọn mìíràn ó lè tó 254. Ọjọ́ kan tí ẹnìkan bá gbàgbé kò ba iṣẹ́ náà jẹ́. Nígbà tí mo kà á, mo rántí Lẹ́ńtì mi. Ọjọ́ kan ni mo pàdánù, ìtìjú ni ó sì gba ìyókù lọ́wọ́ mi.

Ọmọ akọrin náà ń wá bá mi nísinsìnyí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó kọjá, òjò ti ń rọ̀ láti òru, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ àfi ibùsùn. Ó kan ilẹ̀kùn, aṣọ rẹ̀ ti rin, kò sì rẹ́rìn-ín. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, a kọ méjèèjì sínú ìwé, ó sì bá ti iṣẹ́ rẹ̀ lọ.