Àìsùn Ha Jẹ́ Aápọn Bí?

Ẹ̀yin ará, ó ti mọ́ wa lára láti máa yin ẹni tí kì í sùn, bí ẹni pé àìsùn ni aápọn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn wí pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa sùn tó wákàtí 7 lóru. Lójú oorun sì ni ọpọlọ ń fi ẹ̀kọ́ ọ̀sán múlẹ̀ (kí àwa olùkọ́ fetí sí i). Ẹni tí ń fi òru wo fóònù ń ja ara rẹ̀ lólè. Ṣùgbọ́n kí ni a ó wí fún awakọ̀ Èkó tí ń jí ní aago 4 ìdájí, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kì í jẹ́ kí ó délé títí di aago 11 alẹ́? Ọ̀gá rẹ̀ mọ̀. Àwa náà mọ̀, síbẹ̀ a ń fi àwọn ọmọ wa sínú ọkọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀.